Yàrá Tí Omijé Kò Gbé

Inú máa ń bí mi sí ẹnikẹ́ni tó bá ní láti wo ojú ẹlòmíràn kó tó gbà pé nǹkan ń dùn ún. Ohun tó fà á ni pé ní gbogbo ìgbà èwe mi, ẹkún mi kò ní omi. Ohùn wà níbẹ̀ dáadáa. Bí mo bá ṣubú ní àgbàlá wa ní Sawaba, ní ìlú Kumasi ní Ghana, igbe mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àdúgbò Krofrom. Imú mi a fẹ̀, ètè mi a máa gbọ̀n, àyà mi a máa lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi a gbẹ táútáú. Ní ilé ìwé ló burú jù. Tíṣà a nà mí, n ó ké, a tẹjú mọ́ mi, a ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, a sì fi kún un. Àwọn tí a jọ ṣẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú wọn pòròpòrò, á ti padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn nígbà náà. N kò tíì dárí ji tíṣà yẹn, n kò sì rò pé màá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Bàbá mi àti ìyá tó bí i ló tọ́ mi. Bàbá ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Krofrom, iṣẹ́ tí bàbá tirẹ̀ gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí i. Ọkùnrin ni tó gbà pé kò sí nǹkan láyé yìí tí èèyàn ò lè fi ìka kàn kó sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ó ń kan ìkòkò, ó ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé, ó sì kan orí ọkọ mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá rí i. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣèèṣì. Àwọn ẹbí sọ fún un títí pé kó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ní ìkòkò tó wà lọ́rùn òun ti tó òun. Ìyá àgbà, ìyá rẹ̀, kì í ṣàwàdà ní tirẹ̀. Òun ni àgbà obìnrin agboolé wa, ohun tó bá sì ti fi ẹnu sọ ti di òfin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi di àṣà mú ju àwọn tó wà nílé lọ. Nígbà tí mo sọ fún ìbátan wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù pé mò ń kọ́ ẹkún ìyàwó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, dííjéè ni wọ́n ń gbà báyìí. Mo jíṣẹ́ fún Ìyá àgbà, ó ní àwọn yẹn ti bàjẹ́, ká máa gbàdúrà fún wọn. Nílé wa, ìyàwó gbọ́dọ̀ fi ewì dárò ilé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. Bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á máa ṣàdúrà. Ìyá àgbà á jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n ìyàwó. Bí omijé bá kán sí àtẹ́lẹwọ́ yẹn, á fi pa ìyàwó láyà, á ní, "Ó ti bọ́. Máa lọ." Bí kò bá tíì bọ́, àdúrà kò tíì parí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá àṣà yìí sílẹ̀. Èmi fura pé Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni.

Mo ti rí bó ṣe ń rí nígbà tí omi bá pẹ́. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, kò sì mọ bó ṣe máa pa á mọ́ra. Bàbá rẹ̀ ṣàdúrà fún ọmọ, fún owó, fún àlàáfíà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìyàwó ló padà já ara rẹ̀ ní èékánná nítan kí omi tó jáde. Òmíràn wà tí òjò tú agbo rẹ̀ ká, tó lọ láìsunkún rárá. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ jà, tó gbẹ́rù padà wálé, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ọkọ ṣe. Gbogbo wọn ní ẹkún tí kò sun ni.

Nítorí náà nígbà tí èmi náà rí ọkọ, ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin àdúgbò Tafo ni, ní Kumasi kan náà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, Kìrìsìtẹ́nì, ó ń tún fíríìjì ṣe. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa kò bá a jà nítorí ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ó lè tún fíríìjì Ìyá àgbà ṣe. Ẹ̀rù tó bà mí kò kàn án rárá, ti Bàbá ni. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé ọmọ tí ọkùnrin dá tọ́ ni, pé ẹ wò ó bó ṣe ń sáré jáde, kò tilẹ̀ rí ẹ̀kán omi kan fún bàbá tó jìyà lórí rẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́ létí rẹ̀ ní ọjà títí táá fi kú. Nǹkan mìíràn tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ lọ, inú mi ń dùn láti lọ, síbẹ̀ bí mo bá ti rántí pé òun nìkan ni yóò máa jókòó ti oúnjẹ alẹ́, n kì í lè jẹ tèmi tán. Bàbá mi kò tíì rí omijé mi rí. Mo fẹ́ kó rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó jáde nílé rẹ̀.

Iṣẹ́ mi kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣe ìwé ìkéde òkú lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ńláńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Kumasi. Àwọn ará Asante kì í fi ìsìnkú ṣeré. Wọn á gbé àwòrán olóògbé wá, wọn á sunkún lórí tábìlì mi, omi á máa kán sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, èmi á sì máa sọ pé "Due, due," bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, pẹ̀lú ojú tó gbẹ bí ògiri. Obìnrin kan gba àwòrán ìyá rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí ẹni tí kò láàánú tẹ ìyá òun. Inú bí mi gan-an, nítorí pé àánú ìyá náà ti ṣe mí ju bó ṣe rò lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku pọ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí níwájú kọ̀ǹpútà, mo sì gba ilé ìwòsàn ojú lọ. Bàbá ní òun máa tẹ̀ lé mi. Mo ní èmi kì í ṣe ọmọdé. Ó ní ojú tí òun bí ni, òun fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ sí i.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin Asante, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ní sùúrù, ó ṣe é láǹfààní lọ́jọ́ yẹn. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há mi ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n dijú kí n sinmi. Ó yẹ kí bébà náà máa mu omi láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, díẹ̀ ló tutù létí ibẹ̀, ìyókù gbẹ.

Twi, èdè àwọn Asante, ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Bàbá mú ọ̀kan nínú bébà náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Dókítà, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní òmíràn. Ẹ mú un láti ìsàlẹ̀ páálí. Ti òkè ni oòrùn máa ń bà jẹ́."

"Agya," ni dókítà wí, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá, "bébà kọ́."

"Ẹ ṣáà dán an wò."

Dókítà dán an wò. Ó gbẹ. Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ti ṣe nǹkan sí i.

Ìgbà yẹn ni dókítà gbé agbárí kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Bàbá pariwo "Sùbúhánálláhì!" ó sì fà sẹ́yìn tó fi kọlu àga. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó sá, ó sún mọ́ ọn, ó na ìka, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Ike ni," ó sọ fún mi ní Yorùbá, ara rẹ̀ sì balẹ̀. "Ike tó nípọn. Wo bí wọ́n ṣe gé etí rẹ̀ mọ́."

Dókítà fi ìka wọ ihò ojú agbárí náà, ó ní kì í ṣe ihò lásán. Yàrá ni. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò níwájú, ó sì ń fún bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, títí dé ojú ihò kékeré tí iṣan ìríran gbà lọ sínú ọpọlọ. Egungun méje ló para pọ̀ ṣe é.

"Méje?" ni Bàbá wí. "Nítorí ihò kan?"

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Egungun iwájú orí ni àjà yàrá náà. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ògiri lápá ìta, òun ló nípọn jù, torí òun ni nǹkan máa ń kọ́kọ́ bà. Àgbọ̀n òkè ni ilẹ̀ rẹ̀. Lápá imú, ògiri náà fẹ́lẹ́ débi pé bí èèyàn bá gbé e sí iná, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Egungun kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sínú imú. Ẹ̀là kan wá láti àjà ẹnu, ó yọjú díẹ̀ sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn pátápátá ni egungun kan wà tó na apá sọ́tùn-ún sósì bíi labalábá, òun ló di gbogbo ìyókù mú.

Bàbá gba agbárí náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ. Ó fi àtàǹpàkò tọ gbogbo ojú ibi tí egungun ti pàdé egungun. "Kò fi ìdè sí i," ó wí. "Kò fi ìṣó sí i. Kò sì jò." Ó yí i sí òdìkejì. "Ẹni tó ṣe èyí ò kánjú o."

"Ẹ fi ìka síbí," ni dókítà wí. Ó gba ìka Bàbá, ó tì í bọ inú ihò ojú náà, sókè, lápá ìta, lábẹ́ ibi tí irun òkè ojú parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí. Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀ nínú egungun, tí èèyàn ò lè fojú rí, àfi kó fi ọwọ́ kàn án. Ó ní inú kòtò yẹn ni ẹran kékeré tó ń ṣe omijé máa ń gbé, kò ju èso álímọ́ńdì lọ. Bí inú bá bà jẹ́, bí àlùbọ́sà bá ta, bí egbò bá dunni, ẹran yẹn ni ó ń tú omi sílẹ̀. Omi náà á fọ ojú kọjá lọ síbi igun imú, níbi tí ojúhò wẹ́wẹ́ méjì wà, á sì wọ imú lọ. Èyí tí imú ò bá lè gbà ló ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó wá yí ìpéǹpéjú mi padà, ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ lápá imú. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ti èmi ò dàgbà rárá láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ní ojú méjèèjì, fọ́nrán díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn kéékèèké mìíràn wà nínú ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀ tó ń mú kí ojú mi tutù díẹ̀díẹ̀, àwọn ni kò jẹ́ kí n fọ́jú. Ti ẹkún gan-an ni kò sí.

"Ṣé kòtò náà wà ní tirẹ̀?" ni Bàbá bèèrè.

"Ó wà, Agya."

"Yàrá wà," Bàbá sọ fún ara rẹ̀, "ayálégbé ni kò kó wọlé." Ó yíjú sí dókítà. "Ṣé ó ṣì lè kó wọlé kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó?"

Dókítà ní rárá. Ó kọ oògùn fún mi, omijé inú ìgò, pé kí n máa kán an sí ojú bí ó bá ti ń ta mí. Ó sì ní láti gba agbárí náà lọ́wọ́ Bàbá kó tó jáde.

Nínú trotro, bọ́ọ̀sì akérò tí a wọ̀ padà, mo ń retí kó wo ojú mi. Mo fẹ́ bi í léèrè bóyá ó ti yé e báyìí pé gbogbo ẹkún tí mo sun láti kékeré, òótọ́ ni, títí kan èyí tí mo sun lọ́jọ́ tó gbàgbé mi sí mọ́ṣáláṣí. N kò rí àyè. Ó ti yíjú sí ọkùnrin tó jókòó lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń bi í pé, "Ṣé o mọ̀ pé labalábá wà lẹ́yìn ojú rẹ?" Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò sì gbà pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Ṣé kí n sọ ti ọjà? Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlà àwọn oníkòkò ni ó ti mọ̀ pé yàrá wà, ayálégbé ni kò kó wọlé. Mo kọjá níbẹ̀, mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ irun òkè ojú wọn, tí wọ́n ń wá kòtò kiri. Ẹnìkan ní òun rí ti òun. Bàbá ní irọ́ ni, egungun iwájú orí lásán ló dì mú.

Ìyá àgbà nìkan ni kò gbà. "Haba!" ó wí. "Kò sí ọmọ tí kò ní omi lójú. Ọkàn rẹ̀ ló ti kó lọ sí Tafo."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pé, "Ẹ ò rí i?"

Ó gé àlùbọ́sà sí mi lójú. Ó fi òrí pa mí. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe Alfa, tó kọ àyà Kùránì sórí wàláà, tó fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, kó lè fi pa ojú mi. Alfa ti ọwọ́ bọ omi náà, ó fi pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mú un mọ́ra.

"Alfa, ibẹ̀ kọ́. Ẹ lọ sókè."

Alfa lọ sókè.

"Ẹ bọ́ sápá ìta, lọ́dọ̀ etí. Rárá, ẹ ti kọjá rẹ̀. Abẹ́ egungun ni kẹ́ ẹ tọ́ka omi sí, inú kòtò ni ó wà."

"Alhaji," ni Alfa wí, "ṣé ẹ̀yin náà ti ń wo aláìsàn ni?"

"Mo ti fọwọ́ kan ibẹ̀," Bàbá dáhùn, àyà rẹ̀ sì yọ síwájú.

Omi wàláà kò mú nǹkan kan jáde. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, Bàbá fà mí wọ yàrá rẹ̀ nígbà tí Ìyá àgbà ń kírun àṣárì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na ìgò oògùn mi sí mi. Ó ní kí ni omijé ju omi àti iyọ̀ lọ. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi kan, tó máa dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kán an sí mi lójú kí n tó kúnlẹ̀. A dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kò sí níbẹ̀, Bàbá ló kán an, ó ń wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn bí ẹni ń jalè. Omi náà wọlé, kò jáde. Mo gbé e mì. Ó korò.

"Ó ti gba imú lọ," Bàbá wí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ojúhò ìṣàn mi ò tíì ru ẹrù láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó mọ́ tónítóní, ó ń fa gbogbo omi tó bá rí. Bàbá rò ó títí, ó wá fi ìka ìlábẹ̀ tẹ igun ojú mi lápá imú, ó dí ojúhò náà pa, ó tún kán omi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, omi kún, ó kọjá bèbè, ó sì bọ́ sílẹ̀ sórí ẹní. Àwa méjèèjì wo ibi tó tutù náà. Inú Bàbá dùn bí ẹni tó ta gbogbo ọjà rẹ̀ tán.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Chale, bí wọn ò bá fún mi níyàwó, màá wá mú fíríìjì Ìyá àgbà lọ." Mo fi ìbínú pa fóònù. Òun kò ní bàbá tó máa dá nìkan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́fà kún ilé wọn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n na àtíbàbà sí àgbàlá wa, àwọn ará Tafo wọlé pẹ̀lú pásítọ̀ wọn, àwọn tiwa jókòó ti Alfa. Obìnrin tó ń ṣe ojú fún ìyàwó lẹ irun ojú gígùn mọ́ mi ní ìpéǹpéjú. N kò rò ó pé gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Mo sun ẹkún ìyàwó mi, ohùn mi lọ sókè, ó sì yí padà níbi tó yẹ. Àwọn obìnrin ilé wa ń nu ojú. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ sẹ́yìn mi bí ẹni tó fẹ́ tún ìborùn mi ṣe, ó kán omi sí mi lójú ọ̀tún, mo fi ìka tẹ igun imú. Ìka mi lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo fà á, irun ojú tẹ̀ lé e bọ́ sílẹ̀, omi wọ imú, mo sì sín lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní "Alhamudulílláhì." Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi ti gbé àpò rẹ̀ àti ìgò náà lọ síbi tí wọ́n ti ń bu waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Ìyá àgbà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mi.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó fi ojú bi mí léèrè, mo mi orí díẹ̀ pé kò sí. Ó ṣàdúrà ọmọ, ó ṣàdúrà ilé. Ó ṣàdúrà pé kí fíríìjì ìlú Kumasi máa bàjẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ọkọ mi lè ríṣẹ́ ṣe. Pásítọ̀ ní "Amen," Alfa ní "Àmín," àwọn méjèèjì ń wo ara wọn láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún iná ìjọba kó máa dúró, fún owó sídì kó dìde. Orúnkún ń ro mí. Inú mi kún dé ọ̀fun, mò ń ké, mò ń gbọ̀n, gbogbo ohun tí ẹkún ní ló wà lára mi àyàfi èyí tí wọ́n ń dúró dè. Mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn tó ń sọ pé, "Ojú rẹ̀ gbẹ." Ẹlòmíràn ní, "Kò ní ìyá ni." Mo mọ̀ pé Bàbá gbọ́ ọ, torí ìka rẹ̀ le lórí mi.

Àdúrà rẹ̀ tán. Mo gbọ́ bó ṣe ń wá òmíràn kiri.

"Ọlọ́run," ó wí, "ìyá rẹ̀ ò rí i. Èmi ni mo rí i. Èmi nìkan ni mo rí gbogbo rẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú lórí mi, nǹkan gbígbóná kan sì kán sí mi níwájú orí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ imú mi, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró létí ètè mi, ó tún ń lọ. N kò mí. Èmi tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń rìn nìyẹn. Ó dé àgbọ̀n mi, ó sì kán.

Ìyá àgbà pa àtẹ́lẹwọ́ dé. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"Màmá," ni Bàbá wí, "èmi ni mo..."

"Mo ní ọwọ́," ni Ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́, "mo mọ ibi tó ti wá. Ta ló bi ọ́?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ náà pa mí láyà, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́ pé, "Ó ti bọ́! Máa lọ!"

Àwọn obìnrin bú sí ayọ̀. Àwọn ará Tafo ti dìde, ebi ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lára mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó fa etí agbádá rẹ̀, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó tutù. Lẹ́yìn náà ó nu èkejì, tó gbẹ. Ó nù ún pẹ̀lú sùúrù, láti abẹ́ ojú títí dé àgbọ̀n, ó sì tún un nù.

"Ó tó," ó wí. "Má sunkún mọ́."

Mo sì dákẹ́.